Owó Kì Í Ṣe Ìròyìn

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ a máa rí bí ìsọkúsọ létí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ ọ̀pọ̀ òbí nínú, ó sì lè má dùn mọ́ àwọn ọmọ wọn náà. Bẹ́ẹ̀, mo ti gbé e mì títí, kò ṣeé gbé mì mọ́. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kan àwa Yorùbá òde òní: a ti fi owó rọ́pò ìròyìn. Ọmọ tí ó bá kúrò nílé lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ìlú ńlá, bí ó bá ti lè fi owó ránṣẹ́, a gbà pé ó ti ròyìn ara rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sì tíì rí owó fi ránṣẹ́, kò sí ohun tí ó lè fi ẹnu sọ tí a ó kà sí ìròyìn. Mo ní ìwà yìí kò dára. Mo ní kì í ṣe àṣà wa. Mo sì ní ó ń ba ọmọ àti òbí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ọmọ tí mo ń wí. Ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan nínú ètò àgùnbánirọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti ìyá àti baba rẹ̀ nílé, ó ń kọ ìwé ìwáṣẹ́, ó ń retí èsì, títí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe nílé. Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ yọjú ní Èkó. Bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti gbéra, bóyá Ìwó ni, bóyá Ìkàrẹ́ ni, ẹrù rẹ̀ kì í yàtọ̀: àpò aṣọ kan, fóòmù pẹlẹbẹ kan tí a ká tí a fi okùn dè, sítóòfù kan, gààrí àti èlùbọ́ tí ìyá dì fún un. Wọ́n kó gbogbo ilé jọ, wọ́n gbàdúrà fún un. Wọ́n ní yóò lọ ire, yóò bọ̀ ire. Ọkọ̀ gbéra ní gáréèjì. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ di ohùn inú fóònù.

Ẹ wá fetí sí ohùn náà. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà?" Ọmọ ní, "Dáadáa ni, mà." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "Iṣẹ́ ń lọ, mà." "Ṣé kò sí o?" "Kò sí, mà. A dúpẹ́." "Olúwa á máa ṣọ́ ẹ." "Àmín, mà." Ìyá dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́, nítorí ó mọ ohun tí ó ń bọ̀. Ìyá wá ní, "Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àbúrò rẹ yẹn náà ni o." Ọmọ ní òun ti gbọ́. Ó tán. Ìyá kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn lálẹ́ àná. Ọmọ kò mọ̀ pé orúnkún ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè lọ sí ọjà láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹni méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn ju ohun gbogbo lọ ti sọ̀rọ̀ tán, kò sì sí èyí tí ó mọ ohun kan nípa ẹnì kejì ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lánàá.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí wọ́n ti kí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kí ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìkíni, ọ̀tọ̀ ni ìròyìn. Èdè wa lọ́rọ̀ nínú ìkíni. A ń kí ẹni tí ó jókòó, a ń kí ẹni tí ó dúró, a ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó ń sinmi. "Dáadáa ni" àti "A dúpẹ́" jẹ́ èsì ìkíni. Bí a bá lọ bá aláìsàn lórí ẹní, tí a ní, "Ṣé ara ti ń le?", yóò ní, "A dúpẹ́." Ta ni yóò tìtorí èyí sọ pé ara aláìsàn ti yá? Nígbà tí arìnrìn-àjò bá dé láyé àtijọ́, a ó kí i, a ó fún un lómi, a ó gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tí ó bá jẹun tán ni àwọn àgbà yóò tó sún mọ́ ọn, tí wọn yóò ní, "Ó yá, ọ̀nà ti rí? Ilé ta lo dé sí? Kí lo bá níbẹ̀?" Ẹnu ọ̀nà ni ìkíni, inú ilé ni ìròyìn. Ẹnu ọ̀nà ni àwa ìwòyí dúró sí, tí a ń kí ara wa lọ, tí a kò wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà òyìnbó ni mo fẹ́ kó wọ inú ilé wa. Ẹ jẹ́ kí á wo àrokò. Gollmer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tí ó ti gbé ní Àgbádárìgì, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde ní ọdún 1885 lórí àrokò tí àwọn baba wa ń pa ránṣẹ́ síra wọn. Nínú rẹ̀ ni a ti ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí ogun Dàhómì mú lẹ́rú. Láti oko ẹrú ni ó ti pàrokò sí ìyàwó rẹ̀. Ohun márùn-ún ni ó dì ránṣẹ́: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà. Òkúta ní ara òun ṣì le. Èédú ní ọ̀nà iwájú òun ṣókùnkùn. Ata ní ọkàn òun ń gbóná nítorí òkùnkùn náà. Àgbàdo tí iná ti fà gbẹ ní òun ti rù, òun ti gbẹ. Àkísà ní aṣọ ọrùn òun ti gbó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Ẹrú ni. Kò ní owó tí yóò fi ránṣẹ́, kò sì tọrọ owó. Ohun rere kan tí ó kù fún un ni ó kọ́kọ́ sọ, nítorí kò fẹ́ kí àyà obìnrin náà já. Lẹ́yìn èyí ni ó ka ìyókù sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò fi òkúta bo èédú mọ́lẹ̀. Kò fi ìtìjú pa àkísà mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ ni, tí ìtìjú sì wà fún ọkọ tí aṣọ rẹ̀ ya. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ tú ẹrù náà, ó mọ ohun tí yóò dúpẹ́ lé lórí, ó mọ ohun tí yóò sunkún lé lórí, ó sì mọ irú àdúrà tí yóò gbà. Ìròyìn nìyẹn. Ẹrú tí ó wà ní ìgbèkùn lè sọ bí ó ti wà fún ará ilé rẹ̀. Ọmọ tiwa, tí ó ní fóònù lọ́wọ́, tí kò sí lábẹ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò lè sọ ọ́. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ó wà ní ìgbèkùn?

Àwọn baba wa mọ owó náà ní ohun èlò ìròyìn. Wọ́n ń so owó ẹyọ méjì kí wọ́n kọjú síra, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ń fẹ́ rí ara wa. Wọ́n ń so méjì kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́. Nígbà náà, owó ń sọ̀rọ̀. Lóde òní, owó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu ni. Ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní àlẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù ìyá, ìyá rí iye, ó rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà. Iye náà kò sọ fún un bóyá owó oṣù ni, bóyá owó ìyálé ni, bóyá owó tí ọmọ yá ni.

Nígbà tí ìwé kíkọ dé, a kò fi àṣà ìròyìn sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé a máa lọ bá akọ̀wé tí ó gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, a máa sọ tẹnu rẹ̀, akọ̀wé a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè wa, lẹ́tà ni. Ní ọdún 1929 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, tí ó gbé e kalẹ̀ bí lẹ́tà tí obìnrin kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ ń kọ sí olóòtú. Obìnrin inú ìtàn náà kò ní kí wọ́n bá òun bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ó ka ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Èkó láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ará Èkó ìgbà náà kà á, wọ́n sì ń retí èyí tí ó kàn. Ẹ kò rí i pé lórí ẹni tí ó ń sọ òtítọ́ nípa Èkó ni a ti kọ́ ìwé àròsọ wa? Ibo ni a ti wá kọ́ èyí tí à ń ṣe yìí?

Mo mọ ibi tí a ti kọ́ ọ. Nígbà tí fóònù alágbèéká wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2001, a yọ̀, ó sì yẹ kí á yọ̀, nítorí ìrìn-àjò ọjọ́ kan di ìpè ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan lóṣù gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó ronú ohun tí yóò kọ. Ẹni tí ó ń pè lójoojúmọ́ kò ronú. Ohùn pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ dín kù. Lẹ́yìn fóònù ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú fóònù kan náà kọjá. Ẹ̀rọ tí a fi ń bi ọmọ léèrè àlàáfíà di ẹ̀rọ tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, ọmọ kò mọ èyí tí a tìtorí rẹ̀ pe òun mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣe ìṣirò, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni kò ṣe é rí. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí jẹ́ 30,000 náírà láti ọdún 2019. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni ó di 70,000. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ọmọ tiwa rí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, kí á ní 150,000 náírà ni. Nílé, wọn yóò ní olówó ti dé. Ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni ó ń gbé, Erékùṣù Èkó ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Wọ́n kéde ní ọjọ́ náà pé ìrànwọ́ orí epo ti tán, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi di nǹkan bí 500. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Gbogbo ọkọ̀ dánfó ló tẹ̀ lé e. Bí ó bá ná 2,500 lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó ti jẹ́ 55,000. Bí ó bá fi 2,000 jẹun lójúmọ́, èyí tí kì í ṣe oúnjẹ ọlọ́lá, ó ti jẹ́ 60,000 lóṣù. Ó ku 35,000. Bí yàrá kan ṣoṣo tí ó ń gbé bá jẹ́ 400,000 lọ́dún, ó gbọ́dọ̀ máa tọ́jú 33,000 àti díẹ̀ lóṣooṣù kí ọdún tó yípo. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó 2,000 náírà. Kò tíì ra ọṣẹ. Kò tíì ra káàdì fóònù tí yóò fi pe ìyá rẹ̀.

Èyí tí mo ṣírò yìí, ti ọmọ tí ó ti rí yàrá ni. Kí ó tó rí i, òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó bá ti wá ilé ní Èkó mọ iye onílé tí ó ní òun kò gbọ́ òfin náà rí. Lẹ́yìn owó ilé, owó ẹ́jẹ́ǹtì wà, owó ìwé àdéhùn wà. Kí ó tó lè kó gbogbo rẹ̀ jọ, ibo ni ọmọ tiwa ń sùn? Lórí ilẹ̀ pálọ̀ ẹni tí ó bá a kàwé ni. Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń jí, nítorí bí aago márùn-ún ààbọ̀ bá bá a ní ibùdókọ̀, yóò pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ó ń wọlé. Ẹni tí ó wà nínú èyí ni a pè ní ọjọ́ kẹta oṣù pé kí ó fi owó ankara àpọ́nlé àǹtí rẹ̀ ránṣẹ́.

Èmi ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó bí ẹni ń ka orúkọ àwọn onígbèsè. Ọmọ yìí, iye báyìí. Ọmọ yẹn, iye báyìí. Nígbà tí mo béèrè irú iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣe, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, títí kan ẹni tí ó bu owó lé e. Wọ́n mọ bánkì rẹ̀. Wọn kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí àwọn ọmọ má rò pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà pátápátá. Ẹ̀yin náà jẹ̀bi. Ta ni ó ní kí ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kí ẹ ya àwòrán? Ta ni ó ní kí ẹ dúró lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013, kí ẹ fi omi àti ilé gogoro ṣe ẹ̀yìn, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sílé gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbé ayé yín? Afárá náà kì í ṣe tiyín. Ẹ kò tilẹ̀ gbé ní tòsí rẹ̀. Ìyá gba àwòrán náà, ó fi han aládùúgbò, aládùúgbò fi han ìyàwó pásítọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwòrán kan ti bí ẹ̀bẹ̀ owó márùn-ún. Nígbà náà ni ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ará ilé kò ní àánú. Àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ ni wọ́n gbàgbọ́. Ẹni tí ó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Àkọ́kọ́, wọn yóò ní àwọn òbí ta ilẹ̀, wọ́n ta ẹ̀wù, wọ́n rán ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, àti pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Èmi kò bá òwe náà jà. Mo gbà á tọkàntọkàn, mo sì gbà pé ọmọ tí ó bá gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀ kò níláárí. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́. Òkété ní láti dàgbà, ọmọ rẹ̀ sì ní láti ní ọmú. Ta ni ó rí òkété tí ó ń mu ọmú ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú lánàá? Ohun tí òwe ṣèlérí fún wa ní ìgbà ogbó ni a ń fi ipá gbà ní oṣù kìíní. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n ṣì mọ bí a ti ń ṣe é: ọmọ gbé owó oṣù àkọ́kọ́ wá, òbí gbà á, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbàdúrà lé e, ó mú díẹ̀, ó dá ìyókù padà. Ó ní, "Mo ti jẹ. Lọ fi gbéra." Mo kí irú òbí bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀wọ̀ tirẹ̀, kò sì gba ẹsẹ̀ tí ọmọ fẹ́ fi rìn.

Èkejì, wọn yóò ní ayé kò dára, a kì í tú àṣírí ara ẹni síta, ọ̀tá lè gbọ́ kí ó yọ̀. Ṣé ìyá ẹni ni ọ̀tá? Ṣé baba ẹni ni ayé? Èmi kò ní kí ọmọ dúró ní ìta ọjà kí ó ké pé ebi ń pa òun. Inú ilé ni mo wí. Àṣírí tí a pa mọ́ fún aráyé, ọgbọ́n ni. Èyí tí a pa mọ́ fún ẹni tí ó bí ni, ìdánìkanwà ni, ìdánìkanwà nínú yàrá kan ní Èkó kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ó ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn le dùbúlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ ni ó máa ń sọ èyí: wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ìyá àwọn ń ru, wọn kò fẹ́ kí ó ronú. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Ìyá tí kò gbọ́ òtítọ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sùn. Ohùn ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbọ́ lórí fóònù, ó mọ ìgbà tí ohùn náà bá fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fi òru rò ó, ìrònú tí kò ní ìdí sì burú ju èyí tí ó ní ìdí lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí òtítọ́ bá bá a ni ẹ̀jẹ̀ yóò wá ru ní tòótọ́.

Ẹ sì wo ẹni tí ó ń mú òtítọ́ náà wá báyìí. Ọmọ tí ó ti sọ pé dáadáa ni òun wà kò lè padà sọ pé òun kò ní owó. Ó bọ́ sórí fóònù, ó yá owó lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí ẹ̀rọ tí wọn kì í béèrè onídùúró. Wọn kò béèrè onídùúró nítorí pé wọ́n ti gba orúkọ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù ọmọ náà. Bí ọjọ́ sísan bá kọjá, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá, sí baba, sí àbúrò, sí olórí ìjọ, pé olè ni ọmọ yín, pé gbájú-ẹ̀ ni. Ìwà yìí burú tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbèjà àwọn oníbàárà, FCCPC, fi gbé ìlànà jáde lórí àwọn ayánilówó náà ní ọdún 2022. Òfin lè mú ayánilówó, ṣùgbọ́n òfin kò lè mú ohun tí ó lé ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá tí ó yẹ kí ó gbọ́ láti ẹnu ọmọ rẹ̀ pé owó kò tó, ẹnu àjèjì tí ó ń bú u ni ó ti gbọ́ ọ. Àrokò tí a kọ̀ láti fi ọwọ́ ara wa pa, ẹlòmíràn ti bá wa pa á. Nínú tirẹ̀, kò sí òkúta, èédú àti ata nìkan ni.

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ kan àwọn tí ó gba ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n rí i pé ilé kò bi wọ́n léèrè ibi tí owó ti wá, tí wọ́n sì lọ wá owó tí kò ní orísun. Ilé tí ó ń béèrè iye, tí kò béèrè ọ̀nà, ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ya ẹnu bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn.

Kí ni mo fẹ́ kí á ṣe? Mo fẹ́ kí á padà sí ohun márùn-ún tí ẹrú nì dì ránṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá pe ọmọ, ẹ bi í ní ti òkúta: báwo ni ara rẹ ti rí, kí ni o jẹ lánàá, aago mélòó ni o sùn? Ẹ bi í ní ti èédú: kí ni ó ń bà ọ́ lẹ́rù níbi iṣẹ́ náà, ṣé wọn yóò gbà ọ́ dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣé ọ̀gá rẹ ń kọ́ ọ níṣẹ́? Ẹ bi í ní ti ata: kí ni ó ń bí ọ nínú, ta ni o ń bá sọ̀rọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú? Ẹ bi í ní ti àgbàdo: kí ni o ṣe aláìní? Ẹ bi í ní ti àkísà: ibo ni o ń sùn, tani ẹ jọ ń gbé? Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí, tí ẹ sì fi sùúrù gbọ́ èsì, láìbú u, láìfi ọmọ ẹlòmíràn wé e, ẹ ó gbọ́ ohun tí kò sí àlẹ́ẹ̀tì tí ó lè sọ fún yín. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má béèrè kọ́bọ̀. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó béèrè.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà fún àwọn òbí yín. Ẹ ṣe ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí fún wọn, ẹ ka owó ọkọ̀, ẹ ka owó ilé. Ẹni tí ó ṣòwò ní ọjà fún ọgbọ̀n ọdún mọ èrè, ó mọ àdánù. Yóò yé e. Ẹ má sì jẹ́ kí èédú nìkan kún inú àrokò yín, nítorí ìkùnsínú kì í ṣe ìròyìn bákan náà. Ẹ sọ ti ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ dá sè tí kò jóná. Ẹ sọ ti ọjọ́ tí ọ̀gá yìn yín lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ sọ ti ìyá onírẹsì tí ó ń bù fún yín kọjá iye tí ẹ rà. Ìwọ̀nyí ni ìyá fẹ́ gbọ́. Ìwọ̀nyí ni yóò sọ fún aládùúgbò, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí wọn wá yá owó.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa tí ó wà ní Èkó náà ní ọ̀rọ̀ gbọ́. Ìdí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi wúlò ni pé àlejò láti ilé ní ojú tí yóò mọ̀ bí ó bá dé ìlú. Bí ẹgbẹ́ bá wá di ti owó gbọ̀ngàn àti aṣọ àjọ̀dún nìkan, tí ọmọ tuntun bá dé tí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí ó sùn, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ti bá ẹbí ṣe ìpàdé tí mo sọ ṣáájú. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ìlú wa pọ̀ ní Èkó. Kí wọ́n ṣe àgbà.

Owó dára. Èmi kò bú owó, ẹni tí kò ní i ni ó mọ̀ bí ó ti ń rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kú sí ìlú òkèèrè, a kò ní fi iye tí ó fi ránṣẹ́ mọ irú ayé tí ó gbé. Ẹ jẹ́ kí á mọ̀ ọ́n nígbà tí ó wà láàyè, láti ẹnu rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé a fẹ́ gbọ́. Lálẹ́ òní, kí òbí kan gbé fóònù, kí ó pe ọmọ rẹ̀, kí ó má dárúkọ owó.